Ìwé Ni Wọ́n Fi Lé Wọn, Ìwé Náà Ni Wọ́n Fi Dúró

Ọ̀rọ̀ ilé ẹjọ́ ni mo fẹ́ fi ṣíde lálẹ́ òní, torí náà ẹ bá mi fara balẹ̀ díẹ̀.

Ní 1922, ẹjọ́ ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Takao Ozawa dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà. Jàpáànì ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n ó ti lé ní ogún ọdún tó ti ń gbé lábẹ́ àsíá Amẹ́ríkà. Ó lọ sí yunifásítì ní Berkeley, Gẹ̀ẹ́sì ni òun àti ará ilé rẹ̀ ń sọ láàárín ara wọn, ilé ìwé Amẹ́ríkà ni àwọn ọmọ rẹ̀ ń lọ. Ohun kan ṣoṣo ló ń tọrọ: kí wọ́n kọ orúkọ òun mọ́ àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè. Òfin tí wọ́n ti ṣe láti 1790 ló dí i lọ́nà. Òfin yẹn ní àlejò tó bá jẹ́ òyìnbó aláwọ̀ funfun, tí kì í sì í ṣe ẹrú, nìkan ló lè di ọmọ Amẹ́ríkà. Lẹ́yìn tí wọ́n fòpin sí oko ẹrú níbẹ̀, ní 1870, wọ́n fi àwọn tó ṣẹ̀ wá láti Áfíríkà kún un. Wọn ò fi ará Éṣíà kún un. Àwọn adájọ́ gbà pé ìwà Ozawa dára, ẹ̀kọ́ rẹ̀ sì pé. Wọ́n tiẹ̀ gbà pé a ò lè fi àwọ̀ ara nìkan mọ ẹni tó jẹ́ òyìnbó, nítorí òyìnbó wà tó dúdú ju ará Jàpáànì lọ. Àmọ́ wọ́n ní àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kò ka ará Jàpáànì mọ́ ìran tí wọ́n ń pè ní Caucasian, nítorí náà kì í ṣe òyìnbó. Ó parí.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn, Bhagat Singh Thind dé iwájú ilé ẹjọ́ kan náà. Ọmọ Punjab ní Íńdíà ni, ẹlẹ́sìn Sikh tó ń wé láwàní. Ó ti wọ aṣọ sójà Amẹ́ríkà nígbà ogun àgbáyé àkọ́kọ́. Ohun tí wọ́n wí fún ilé ẹjọ́ nítorí rẹ̀ mọ́gbọ́n wá. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ sọ pé àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ la ó bi. Ó dáa, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ náà ló kọ ọ́ sínú ìwé wọn pé Caucasian ni àwọn ará àríwá Íńdíà. Adájọ́ George Sutherland tó kọ ìdájọ́ Ozawa, òun náà ló kọ èyí. Kí ló wí? Ó ní ẹ fi ti àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ sílẹ̀ o, ẹni tí mẹ̀kúnnù ń pè ní òyìnbó ni òfin ń bá wí, mẹ̀kúnnù kò sì lè pe Thind ní òyìnbó láé. Kì í ṣe Thind nìkan ló jìyà rẹ̀. Ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìwé padà lọ́wọ́ àwọn ọmọ Íńdíà tí wọ́n ti sọ di ọmọ Amẹ́ríkà ṣáájú.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ibi tí mò ń lọ nìyẹn. Bí a bá dárúkọ ẹlẹ́yàmẹ̀yà ní Amẹ́ríkà, pàṣán àti ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ló máa ń wá sí wa lọ́kàn, nítorí ìyà àwọn ará wa tí wọ́n kó lẹ́rú. Èyí tí wọ́n fi jẹ àwọn ará Ṣáínà, Jàpáànì, Íńdíà, Kòríà àti Filipíìnì, inú ìwé ló pọ̀ sí jù: ìwé òfin, ìwé owó orí, ìwé ìdájọ́, ìwé ìwọ̀lú. Akọ̀wé tó jókòó jẹ́ẹ́ nídìí tábìlì, tí kò bá ẹnikẹ́ni pariwo, ló ń ṣe é. Àwọn tí wọ́n ń fìyà jẹ yìí náà sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka ìwé yẹn. Wọ́n gbé e padà lọ bá ẹni tó kọ ọ́, ní kóòtù. Lọ́pọ̀ ìgbà wọ́n pàdánù, nígbà mìíràn wọ́n borí, èyí tí wọ́n sì borí nínú rẹ̀ ń dáàbò bo ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ tiwa títí di bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí.

Oṣù kìíní ọdún 1848 ni wọ́n rí wúrà ní Coloma, ní California. Ìròyìn rẹ̀ dé Guangdong ní gúúsù Ṣáínà, níbi tí ebi àti rògbòdìyàn ti ń fojú àwọn àgbẹ̀ rí màbo. Òkè Wúrà ni wọ́n ń pe ilẹ̀ California láàárín ara wọn. Ní 1852 nìkan, bíi 20,000 nínú wọn ló gúnlẹ̀ síbẹ̀. Ọdún yẹn náà ni ìjọba ìpínlẹ̀ gbé owó orí awakùsà àlejò dé: dọ́là 3 lóṣù, tó padà di dọ́là 4. Lórí ìwé, gbogbo àlejò ni. Nígbà tó bá di ojú kòtò, ará Ṣáínà ni agbowó orí ń wá kiri.

Tí agbowó orí bá wá lù ú ńkọ́? Tí wọ́n bá jà á lólè, tí wọ́n bá pa á? Ìyẹn ló gbé wa dé ọ̀dọ̀ George Hall. Òyìnbó ni, ó pa ará Ṣáínà kan tó ń jẹ́ Ling Sing. Àwọn ará Ṣáínà tí ọ̀rọ̀ náà ṣojú wọn wá jẹ́rìí, wọ́n sì dá Hall lẹ́bi ìpànìyàn. Ló bá pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Òfin California nígbà yẹn ní aláwọ̀ dúdú àti àwọn Indian onílẹ̀ kò gbọ́dọ̀ jẹ́rìí ta ko òyìnbó. Kò dárúkọ ará Ṣáínà rárá. Ní 1854, olórí adájọ́ ìpínlẹ̀ náà, Hugh Murray, bá wọn wá ọ̀nà rẹ̀. Ó ní láti Éṣíà ni àwọn baba ńlá àwọn Indian ti rìn wọ Amẹ́ríkà, nítorí náà, Indian ni ará Ṣáínà náà. Ó tún fi kún un pé bí òfin bá sọ pé "dúdú", gbogbo ẹni tí kì í bá ti í ṣe òyìnbó ló wà nínú rẹ̀. Bí Hall ṣe gba ìdáǹdè nìyẹn. Láti ọjọ́ yẹn, fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹni tó bá fẹ́ ṣe ará Ṣáínà léṣe kò ní ju kó rí i dájú pé kò sí òyìnbó mìíràn nítòsí.

Ọ̀rọ̀ rélùwéè, ọ̀pọ̀ yín ti gbọ́ díẹ̀ nínú rẹ̀. Iléeṣẹ́ Central Pacific ló fẹ́ la ojú irin gba inú òkè Sierra Nevada kọjá. Òyìnbó tí wọ́n gbà síṣẹ́ kò tó, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń sá lọ síbi wúrà. Wọ́n bá kó àwọn ará Ṣáínà wọlé ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Kó tó parí, nínú òṣìṣẹ́ mẹ́wàá, bíi mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án ló jẹ́ ará Ṣáínà. Ẹ̀tù ni wọ́n fi ń fọ́ òkúta nínú ihò, ìrì dídì ń ya lé wọn lórí nígbà òtútù. Owó tí wọ́n ń gbà kò tó ti òyìnbó, òyìnbó sì ń jẹ oúnjẹ iléeṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́, nígbà tí àwọn ń fi owó ara wọn ra ìrẹsì. Ní oṣù kẹfà ọdún 1867, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn jọ da iṣẹ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Wọn ò jà, wọn ò fọ́ nǹkan kan, wọ́n kàn jókòó sínú àgọ́ wọn. Charles Crocker, ọ̀gá iléeṣẹ́ náà, kò pe sójà. Ọ̀nà oúnjẹ ló dí. Kò tó ọjọ́ mẹ́wàá tí ebi fi lé wọn padà sẹ́nu iṣẹ́. Ní ọjọ́ 10 oṣù karùn-ún ọdún 1869, ojú irin wọn àti èyí tí wọ́n ń là bọ̀ láti ìlà oòrùn pàdé ní Promontory, ní Utah. Wọ́n ya fọ́tò, ọtí wà lọ́wọ́ wọn, gbogbo ayé ló mọ fọ́tò yẹn. Ẹ wá ará Ṣáínà nínú rẹ̀, kí ẹ wá a dáadáa.

Iṣẹ́ parí, ọrọ̀ ajé dojú dé ní 1873, ìyà sì ń wá orí tó máa sọ̀ lé. Ẹni tó pariwo jù ní San Francisco pé àfi kí àwọn ará Ṣáínà kó jáde ni Denis Kearney. Agbègbè Cork, ní ilẹ̀ Ireland, ni wọ́n bí Kearney sí. Àlejò lòun náà, àwọn kan sì wà níbẹ̀ tí wọn ò fẹ́ràn àwọn ará Ireland. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ráàyè wọlé ló sábà máa ń yára ti ilẹ̀kùn. Mo ti rí irú rẹ̀ láàárín àwa náà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n má yà bàrá.

Ilé aṣòfin gbọ́ ariwo. Àwọn obìnrin ni wọ́n kọ́kọ́ dí lọ́nà ní 1875, pẹ̀lú òfin tó fojú aṣẹ́wó wo obìnrin Ṣáínà tó bá ti ń wọlé, kí àwọn ọkùnrin tó ti wà níbẹ̀ má baà rí ẹni fẹ́, kí wọ́n má sì bímọ. Nígbà tó di ọjọ́ 6 oṣù karùn-ún ọdún 1882, Ààrẹ Chester Arthur fọwọ́ sí òfin tó wá lókìkí jù nínú gbogbo wọn: kò sí lébìrà kan láti Ṣáínà tó gbọ́dọ̀ wọ Amẹ́ríkà fún ọdún mẹ́wàá, kóòtù kankan kò sì gbọ́dọ̀ sọ ará Ṣáínà di ọmọ orílẹ̀-èdè. Oníṣòwò, akẹ́kọ̀ọ́, olùkọ́, aṣojú ìjọba àti irú àwọn bẹ́ẹ̀ ni wọ́n yọ sílẹ̀. Ọdún mẹ́wàá yẹn di ogún, ó di títí lọ.

Àwọn lébìrà tó ti wà níbẹ̀ kí òfin tó dé, wọ́n ní kò burú: bí ẹ bá fẹ́ lọ kí àwọn ará ilé yín, ẹ gba sàtífíkéètì lọ́wọ́ ìjọba, ẹ óò fi padà wọlé. Chae Chan Ping gba tirẹ̀. Láti 1875 ló ti ń ṣiṣẹ́ ní San Francisco. Ó lọ sílé ní 1887, ó sì wọkọ̀ padà ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1888. Orí omi ló wà ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá nígbà tí Amẹ́ríkà ṣe òfin tuntun pé gbogbo sàtífíkéètì bẹ́ẹ̀ ti di asán. Ọjọ́ kẹjọ oṣù yẹn ló gúnlẹ̀, sàtífíkéètì lọ́wọ́. Wọ́n ní kó máa lọ. Ó gbé e dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ, àwọn adájọ́ sì sọ ní 1889 pé ìjọba ló ni ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ẹni tó bá wù ú ni yóò gbà wọlé, àdéhùn yòówù kó ti bá a ṣe. Bíi 20,000 èèyàn tó wà lẹ́yìn odi pẹ̀lú irú sàtífíkéètì bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀kùn tì mọ́ síta. Ìdájọ́ yẹn kò tíì kú. Òun ni ìpìlẹ̀ agbára tí ìjọba Amẹ́ríkà ń lò lórí àlejò títí dòní. Nígbà tí ẹ bá rí ẹni tó ní físà lọ́wọ́, tí wọ́n dá padà láti pápákọ̀ òfurufú láìsí àlàyé, ọmọ ọmọ ẹjọ́ Chae Chan Ping lẹ rí yẹn.

Òfin tó bá ti sọ pé ẹnì kan kì í ṣe èèyàn ìlú, àwọn jàǹdùkú kì í pẹ́ gbọ́ èdè rẹ̀. Ní Rock Springs, Wyoming, ní ọjọ́ kejì oṣù kẹsàn-án ọdún 1885, àwọn awakùsà òyìnbó dojú ìbọn kọ àwọn ará Ṣáínà tí wọ́n jọ ń wa èédú. Wọ́n pa 28, wọ́n sì dáná sun ilé wọn. Kò sí ẹnì kan tí wọ́n bá ṣẹjọ́ lórí rẹ̀. Ní Tacoma, oṣù méjì lẹ́yìn náà, olórí ìlú fúnra rẹ̀ wà lára àwọn tó kó gbogbo ará Ṣáínà jáde nínú òjò.

Nílẹ̀ wa, a máa ń sọ pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Àwọn èèyàn yìí kò wá ọ̀rẹ́. Ibi tí wọ́n á fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ni wọ́n ń wá, ẹjọ́ àwọn alágbàfọ̀ sì ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n lé wọn kúrò nídìí wúrà àti nídìí oríṣiríṣi iṣẹ́, aṣọ fífọ̀ ló kù tí ẹnikẹ́ni kò bá wọn dù. San Francisco ní bíi 320 ilé alágbàfọ̀ ní 1880. Ilé onípákó ni gbogbo wọn àfi bíi mẹ́wàá péré, ará Ṣáínà ló sì ni bíi 240. Ìjọba ìlú wá gbé òfin kalẹ̀: ẹni tó bá fẹ́ máa fọṣọ nínú ilé onípákó gbọ́dọ̀ gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ ìlú, nítorí ewu iná. Kò sí ẹ̀yà tí òfin náà dárúkọ. Ta ni yóò sọ pé kò fẹ́ kí ìlú bọ́ lọ́wọ́ iná? Bíi 200 ará Ṣáínà kọ̀wé béèrè, wọn ò fún ẹyọ ẹnì kan nínú wọn. Àwọn tí kì í ṣe ará Ṣáínà, bíi 80, béèrè. Gbogbo wọn ló rí i gbà, àfi ẹnì kan. Lára àwọn tí wọn ò fún ni baba kan tó ti ń fọṣọ nínú ilé kan náà fún ọdún 22. Àwọn panápaná ti yẹ ilé rẹ̀ wò, wọ́n ní kò léwu. Ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Wọ́n mú un, wọ́n bu owó ìtanràn dọ́là 10 lé e, ó kọ̀, kò san, wọ́n jù ú sẹ́wọ̀n. Ẹgbẹ́ àwọn alágbàfọ̀ Ṣáínà dáwó, wọ́n gba lọ́yà gidi. Ní 1886, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ panu pọ̀, láìsí ẹni tó ta kò ó, pé òfin lè dára lójú ìwé, ṣùgbọ́n bí ẹni tó ń lò ó bá ń fi ojú burúkú wo apá kan, tó ń fi ọwọ́ àìdọ́gba pín in, òfin náà ti bàjẹ́. Wọ́n tún sọ pé gbogbo èèyàn tó bá wà lórí ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ìwé òfin ilẹ̀ náà ń dáàbò bò, ọmọ ìlú àti àlejò. Lọ́yà kan kò lè kẹ́kọ̀ọ́ jáde ní Amẹ́ríkà lónìí kó má ka ẹjọ́ Yick Wo. Ẹ jẹ́ n sọ èyí kẹ́ẹ gbádùn: Lee Yick ni baba náà ń jẹ́. Yick Wo ni wọ́n kọ sára páálí ìta ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Kò sẹ́ni tó tiẹ̀ bi í.

Ẹjọ́ kan tún wà tó ju ti alágbàfọ̀ lọ. Alásè kan ló ni ín.

San Francisco ni wọ́n bí Wong Kim Ark sí ní 1873, láàárín àwọn ará Ṣáínà. Ó lọ sí Ṣáínà, ó padà ní 1890, wọ́n gbà á wọlé láìjanpata. Ó tún lọ ní 1894. Kó tó lọ, ó ti mú àwọn òyìnbó mélòó kan bá a fọwọ́ sí ìwé pé ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí lóòótọ́. Nígbà tí ọkọ̀ Coptic gbé e padà ní oṣù kẹjọ ọdún 1895, ọ̀gá aṣọ́bodè, John Wise, ní kò gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀. Kò bá a jiyàn pé ibẹ̀ kọ́ ni wọ́n bí i sí. Ohun tó sọ ni pé ará Ṣáínà ni bàbá àti ìyá rẹ̀, ọmọ wọn kò sì lè jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà. Ju oṣù mẹ́rin lọ ni wọ́n fi há a mọ́ orí omi. Bí ọkọ̀ kan bá fẹ́ ṣí, wọ́n á kó o sínú òmíràn. Ó ń wo òkè ìlú tí wọ́n bí i sí lọ́ọ̀ọ́kán, kò lè fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ìjọba ti ń wá ẹnì kan tí wọ́n á fi ẹjọ́ rẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ, orúkọ tirẹ̀ ló jáde.

Ẹgbẹ́ àwọn ará Ṣáínà tí wọ́n ń pè ní Six Companies gba lọ́yà fún un. Ó borí ní kóòtù àkọ́kọ́ ní 1896, ìjọba pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹta ọdún 1898, adájọ́ mẹ́fà nínú mẹ́jọ gbè é. Adájọ́ Horace Gray ló kọ ọ́: ọmọ tí a bá bí sórí ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ọmọ Amẹ́ríkà ni, ibi yòówù kí àwọn òbí rẹ̀ ti wá. Ọmọ aṣojú ìjọba ilẹ̀ òkèèrè àti irú àwọn bẹ́ẹ̀ díẹ̀ ni wọ́n yọ sílẹ̀. Àtúnṣe kẹrìnlá sí ìwé òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n gbé e kà, èyí tí wọ́n fi síbẹ̀ ní 1868. Ta ni wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe àtúnṣe yẹn? Àwọn ọmọ Áfíríkà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lóko ẹrú ni, lẹ́yìn tí ilé ẹjọ́ kan náà ti sọ ní 1857, nínú ẹjọ́ Dred Scott, pé aláwọ̀ dúdú kò lè jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà láé. Òfin tí a tìtorí ọmọ ẹrú Áfíríkà ṣe ló gba ọmọ Ṣáínà là. Ẹjọ́ ọmọ Ṣáínà yìí náà ló sì sọ ọmọ tí àwa bí sí Houston lánàá di ọmọ Amẹ́ríkà kí wọ́n tó wẹ̀ ẹ́.

Ẹ má rò pé Wong sinmi. Ní 1901, ní El Paso, ní ẹnubodè Mẹ́síkò, wọ́n tún mú un, wọ́n ní ará Ṣáínà tí kò níwèé ni. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìdájọ́ o! Ó san béèlì, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀rí hàn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní 1910, nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan dé pé àkọ́bí rẹ̀ lòun, ìdáhùn bàbá àti ti ọmọ kò bára mu lójú àwọn aṣọ́bodè, wọ́n sì dá a padà.

Erékùṣù Angel ni wọ́n ti dá a padà, nínú omi San Francisco. Láti 1910 di 1940, ibẹ̀ ni wọ́n ń há àwọn ará Éṣíà mọ́ kí wọ́n tó gbà wọ́n wọlé. Ìdí tí wọ́n fi ń da ìbéèrè bò wọ́n ni pé ilẹ̀ mì ní San Francisco ní oṣù kẹrin ọdún 1906, iná sì jó ìwé ìbí gbogbo ìlú. Ọ̀pọ̀ ará Ṣáínà wá sọ pé níbẹ̀ ni wọ́n bí àwọn sí, ìwé ló jóná. Ẹni tó bá sì jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà lè mú ọmọ rẹ̀ wá. Wọ́n ń ta ipò ọmọ fún ọmọ ọlọ́mọ, àwọn ọmọ orí ìwé. Ìjọba mọ̀. Bí wọ́n ṣe ń mú wọn ni pé wọ́n á fi ìbéèrè lọ̀ wọ́n fún ọjọ́ mélòó kan: Àtẹ̀gùn ilé yín, ẹsẹ̀ mélòó ló ní? Ta ló ń gbé ilé kẹta ní ìlà kejì? Ibo ni ìyá rẹ ń gbé ìkòkò ìrẹsì sí? Wọ́n á wá bi bàbá ní yàrá mìíràn. Ìwé ìdáhùn wà tí wọ́n ń rà ní Ṣáínà, wọ́n ń kọ́ ọ sórí nínú ọkọ̀ bí ọmọ kéwú ṣe ń kọ́ wàláà, bí èbúté bá sún mọ́, wọ́n á jù ú sómi. Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé ọmọ gidi pàápàá lè gbàgbé iye àtẹ̀gùn ilé bàbá rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi, mélòó ni ti ilé yín? Àwọn kan lo oṣù púpọ̀ níbẹ̀, wọ́n ń fi ọ̀bẹ gbẹ́ ewì sára ògiri onípákó. Ní 1970, nígbà tí ìjọba fẹ́ wó ilé náà, ọ̀kan nínú àwọn tó ń ṣọ́ ọgbà ibẹ̀ rí àwọn ewì yẹn, ìyẹn ló sì jẹ́ kó wà títí dòní.

Ti àwọn ará Jàpáànì yára ju bẹ́ẹ̀ lọ. Jàpáànì ju bọ́ǹbù sí Pearl Harbor ní ọjọ́ keje oṣù kejìlá ọdún 1941. Ní ọjọ́ 19 oṣù kejì ọdún 1942, Ààrẹ Roosevelt fọwọ́ sí ìwé kan, bíi 120,000 ará Jàpáànì tó ń gbé ní Amẹ́ríkà sì di ẹni àgọ́ ìhámọ́, bíi ìdá méjì nínú mẹ́ta wọn jẹ́ ẹni tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà. Oko àti ṣọ́ọ̀bù lọ lówó pọ́ọ́kú. Àwọn mìíràn kọ́kọ́ sùn nínú ibùjẹ ẹṣin ní pápá ìsáré ẹṣin. Fred Korematsu, ọmọ Oakland, kọ̀, kò lọ. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dá a lẹ́bi ní 1944, adájọ́ mẹ́fà sí mẹ́ta, nígbà tí àwọn ọmọ Jàpáànì Amẹ́ríkà mìíràn ń jagun fún Amẹ́ríkà ní Ítálì àti Faransé. Ó tó ogójì ọdún kí adájọ́ kan tó pa ẹ̀bi rẹ̀ rẹ́ ní 1983, ẹ̀rí sì ti jáde pé ìjọba fi òtítọ́ pamọ́ fún ilé ẹjọ́ nígbà yẹn. Ní 1988, wọ́n tọrọ àforíjì, wọ́n sì ṣe òfin pé kí ẹnì kọ̀ọ̀kan tó ṣì wà láàyè gba dọ́là 20,000.

Òfin tó lé ará Ṣáínà, 1943 ni wọ́n fagi lé e, nítorí pé Ṣáínà àti Amẹ́ríkà jọ ń bá Jàpáànì jà. Mélòó ni wọ́n wá ní kó máa wọlé lọ́dún? 105. Ọdún 1952 ni wọ́n yọ ọ̀rọ̀ ẹ̀yà kúrò nínú ohun tó ń sọni di ọmọ orílẹ̀-èdè, ọdún 1965 ni wọ́n sì da ètò ìwọ̀lú tó gbé àwọn ará Yúróòpù lékè nù. Ilẹ̀kùn tó ṣí ní 1965 yẹn, a bá wọn gbà á wọlé. Ọ̀pọ̀ dókítà, nọ́ọ̀sì àti ẹnjiníà wa tó wà lọ́hùn-ún, òun ni wọ́n bá wọlé.

Ìkórìíra kò bá òfin lọ. Ní Detroit, ní 1982, nígbà tí àwọn ọkọ̀ Jàpáànì ń gba ọjà lọ́wọ́ wọn, òyìnbó méjì fi igi bésíbọ́ọ̀lù lu Vincent Chin pa. Ará Ṣáínà ni, kì í tilẹ̀ ṣe ará Jàpáànì. Owó ìtanràn dọ́là 3,000 ni adájọ́ bu fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn, kò rán ìkankan lẹ́wọ̀n. Nígbà kòrónà, wọ́n tún ń na àwọn arúgbó Éṣíà lójú títì.

Ní ọjọ́ 20 oṣù kìíní ọdún 2025, Ààrẹ Donald Trump fọwọ́ sí àṣẹ pé ọmọ tí wọ́n bá bí sí Amẹ́ríkà, tí ìyá rẹ̀ kò níwèé tàbí tó wá fún ìgbà díẹ̀, tí bàbá rẹ̀ kò sì jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè tàbí ẹni tó ní gírín kàádì, kì í ṣe ọmọ Amẹ́ríkà. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, adájọ́ kan ní Seattle dá a dúró, àwọn adájọ́ mìíràn tẹ̀ lé e, ọ̀rọ̀ náà sì gòkè lọ sí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ. Ẹjọ́ alásè yẹn ni lọ́yà tọ̀tún tòsì tú palẹ̀.

Ẹ̀yin ará wa ní Houston, ní Maryland, ní Chicago, tí ẹ ń fi fóònù gbọ́ wa, ẹ tọ́jú ìwé ìbí àwọn ọmọ yín síbi tí iná àti omi kò ti lè dé. Bí ọ̀rọ̀ ìwé bá dé, lọ́yà gidi ni kí ẹ lọ bá, ẹ má tẹ̀ lé ẹni tó ń ta ọ̀nà ẹ̀bùrú. Bí ọmọ yín bá sì bi yín pé ta ló sọ òun di ọmọ Amẹ́ríkà, ẹ kọ́kọ́ dárúkọ Wong Kim Ark fún un, kí ẹ tó dárúkọ ara yín.